Ìwé Kẹta

Èmi ni mo gbé ìwé náà lọ.
Ẹ má bèèrè orúkọ mi; òjíṣẹ́ kóòtù lásán ni mí,
ọdún kọkànlá lẹ́nu iṣẹ́ ní Puerto Salvia,
ní Kòlóńbíà, níbi tí ooru ti ń mú
kí tàdáwà òǹtẹ̀ lẹ̀ mọ́ni níka.

Afárá ni ọ̀rọ̀ náà.
Àgbàrá ti wọ́ ọ lọ lóṣù kẹrin,
àwọn ọmọ iléèwé wá ń fi okùn sọdá ọ̀gbun,
wọ́n fi eyín di bàtà wọn mú.
Ọmọ-ọmọ Eduvigis Palomino já bọ́, eegun apá rẹ̀ ṣẹ́.
Obìnrin náà, aránṣọ, jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan,
ó ya ewé kan nínú ìwé ọmọ náà,
ó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ síbẹ̀. Kò gba lọ́yà.
Òfin wọn gbà bẹ́ẹ̀: bírò lásán tó láti fi ké pe adájọ́.

Adájọ́ Arrieta kà á. Ó ní:
Alága ìlú, ọgbọ̀n ọjọ́. Tún afárá náà ṣe.

Mo gbé e dé ọ́fíìsì Heliodoro Barragán.
Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní kọfí,
ó gbé ife tirẹ̀ lé orí ìwé náà.
Kí n tó dìde, òrùka dúdú ti yí orúkọ adájọ́ ká.

Ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Okùn náà ṣì ni.
Wọ́n ń kun gbàgede ìlú ní ọ̀dà funfun,
wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára àga ìjókòó mẹ́rìndínlógún.
Mo kà wọ́n.

Ìwé kejì: Wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí a fìyà jẹ ọ́.
Lọ́tẹ̀ yìí kò sí kọfí.
"Ta ló dìbò fún obìnrin yẹn?" ló bi mí.
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ló dìbò fún mi."
N kò fèsì. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, wọn ò rán mi ní àríyànjiyàn.
Ṣùgbọ́n mo rò ó lójú ọ̀nà:
ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náà, ṣé wọ́n ní kó fọwọ́ pa idà òfin lójú ni,
àbí afárá ni wọ́n ń wá lọ́jọ́ ìdìbò?

Ó fi etí ikún sí i.

Ìwé kẹta ò ju ojú ewé kan lọ.
Àhámọ́ ọjọ́ márùn-ún. Owó ìtanràn, láti àpò ara rẹ̀,
kì í ṣe láti àpò ìlú;
adájọ́ fa ìlà sábẹ́ "ara rẹ̀" lẹ́ẹ̀mejì.
Ilé-ẹjọ́ gíga wò ó, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni kó rí.

Kọ́púrà Yesid Tordecilla ló lọ mú un,
ẹni tó máa ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un láràárọ̀.
Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.
Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni.

Ẹ má rò pé ìlú jó. Rárá.
Àwọn kan sunkún; ó ti bá ọmọ wọn wáṣẹ́ rí.
Mo lọ sọ fún Eduvigis nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.
Ó ní, "Ṣé wọ́n ti kó pákó dé?"
Mo ní rárá.
"Kí ni mo wá fẹ́ fi àhámọ́ rẹ̀ ṣe?"
Ó tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kẹta, pákó dé.
Ó buwọ́ lù ú láti inú àhámọ́,
owó tó ní kò sí láti oṣù mẹ́ta.
Òfin ní: mú àṣẹ ṣẹ, kí ìyà dúró. Wọ́n tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Mo gba orí afárá náà kọjá lánàá.
Ìṣó kan yọrí níbẹ̀, ó fà mí ní ṣòkòtò ya.
Àwọn ọmọ ń sáré kọjá lára mi, bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn.
Ìwé mìíràn wà lápò mi,
ti gómìnà, lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn.
Bó bá fún mi ní kọfí, n óò mu ún,
n óò sì dúró títí yóò fi kà á.